Ṣé Ẹ Ṣì Wà Níbẹ̀?

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Ayàwòrán kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì yọ jáde lábẹ́ tábìlì, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan pupa, tèkejì dúdú, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jà nílé kí wọ́n tó jáde. Òjò ń rọ̀ níta. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ó gbá báàgì kámẹ́rà mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n bá gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Báàgì ò kan omi rárá. Òun tó gbé e ló tutù rinrin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ta ló ń bójú tó àwọn ìkànnì níbí?"

"Èmi ni," ohùn kan dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Ẹ má bínú, wáyà kan ló ń bá mi ṣagídí. Ẹ jókòó."

"N ò fẹ́ jókòó. Mo fẹ́ rí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa kó àwòrán mi sí."

Gbàà! Orí ọkùnrin náà gbá tábìlì. Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ń fọwọ́ pa àtàrí, eruku ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ojú náà kò burú. Ojú ẹni tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì ni.

"Ẹ fẹ́ rí ẹ̀rọ?"

"Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí o. Oníbàárà tó ń jẹ mí lówó, mo ti rí. Èyí tó ń bú mi, mo ti rí. Èyí tó ní òun fẹ́ wá kí ẹ̀rọ nílé, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́."

Ó rò pé ọkùnrin náà máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣíwájú.

Ilé-iṣẹ́ kékeré ni. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gba ìkànnì àwọn èèyàn lálejò. Bí o bá ní nǹkan tí o fẹ́ kí aráyé máa rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀rọ tiwọn ló máa gbé bí ayálégbé, àwọn ni wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Yàrá tí àwọn ẹ̀rọ náà wà tutù bí inú fíríìjì, iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára ògiri. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ẹ̀rọ dúdú kan. Ayàwòrán na ìka kan ṣoṣo, ó fi kàn án, ó sì yára fà á sẹ́yìn.

"Ó gbóná!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tó tutù ni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù."

"Èmi ò nílò kó tutù kí n tó bẹ̀rù," ó ní, kò sì fi ṣeré.

Àwòrán ọmọ tuntun ló ń yà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà nígbà tí ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ohun tó ń mú àwọn òbí padà wá ni àdéhùn kan tí ìyá ti ń ṣe látọdúnmọ́dún: ọmọ tí a bá yà níbí, àwòrán rẹ̀ ò ní sọnù láé, bó bá dàgbà, kó wá gbà á. Àwọn tí ìyá yà nígbà tí wọn ò tíì léyín ti ń gbé ọmọ tiwọn wá báyìí. Nígbà tí ayé sì yí padà, Ayàwòrán kó àwòrán gbogbo sórí ìkànnì, kí kálukú lè máa rí tirẹ̀ níbi tó bá wà.

Ilé-iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ gbà á lálejò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò sí mọ́. Wọn ò dágbére, fóònù wọn kàn ń dún lásán ni. Àwòrán ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wọlé wá, ọmọ rẹ̀ ti kú. "Fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ yín nìkan ló kù fún mi," obìnrin náà wí. Ayàwòrán ò rí nǹkan kan fún un. Obìnrin náà ò bú u, kò sì ṣépè. Ó ní ẹ ṣeun, ó sì lọ. "Ẹ ṣeun" yẹn kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n kó àwọn àwòrán rẹ̀ wọlé tán, kò tíì fọ ẹnu tó fi tẹ fóònù.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀," ohùn ọkùnrin abẹ́ tábìlì ni.

"Àwọn àwòrán mi ńkọ́?"

"Wọ́n jí dáadáa. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí kì í pè. Ó ń pe ọkùnrin náà ní Oníwáyà. Ọkùnrin náà ń pè é ní Oníbàárà mi àtàtà. Àwọn tó kù ní ọ́fíìsì sọ ọ́ ní Ìyáàfin Ṣé-Ẹ-Ṣì-Wà. Lọ́jọ́ kan, bí Oníwáyà ṣe gbé fóònù báyìí, ẹnì kan lọgun lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyàwó ẹ ti ń pè o!"

"Ta nìyẹn?" Ayàwòrán béèrè.

"Fáànù ni."

"Fáànù yín ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń fẹ́ àtúnṣe," Oníwáyà fèsì, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ti ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Kò pẹ́ tí Oníwáyà fi wá sí sítúdíò Ayàwòrán. Ó gbé àpótí kékeré kan wá, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi kó nǹkan pamọ́, ó ní kí Ayàwòrán máa ṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán náà sílé. "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa ṣí i wò o. Ẹ̀dà tí èèyàn ò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni."

Ọmọ kan ń ké lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ìyá ọmọ ti jó títí, ó ti kọrin títí, ọmọ ò gbà. Oníwáyà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pupa rẹ̀, ó fi bọ ọwọ́, ó sọ ọ́ di ẹranko kan tí kò ní orúkọ, ó fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ dákẹ́, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán ya ọmọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yí kámẹ́rà, ó ya ọkùnrin náà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi fọ́tò náà sórí ìkànnì, ní kọ̀rọ̀ kan tí òun nìkan lè ṣí. Ìfẹ́ ti wọlé nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kọ́kọ́ gba àga jókòó.

Ó kó àwọn àwòrán sínú àpótí kékeré náà lóòótọ́, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣí i wò. Bó bá ti na ọwọ́ sí i, ọkàn rẹ̀ á sọ pé, "Bó bá ṣófo ńkọ́?" Á ti dúrọ́ọ̀ náà padà. Ó sàn fún un kó má mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ti lọ tán, Oníwáyà jókòó sórí àpótí tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní, "Oníbàárà mi, mo fẹ́ràn yín. Ẹ jẹ́ ká fẹ́ra."

Ayàwòrán fa àga kan. Ó jókòó. Ayọ̀ ló yẹ kó mú un, ẹ̀rù ló sì mú un. "Ṣé ẹ ó wà títí?"

"Èmi, àbí ilé-iṣẹ́ wa?"

"Gbogbo yín."

"N ò lè purọ́ fún yín. Ẹ̀rọ máa ń kú. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń wó, ká má tíì sọ tiwa tí ò ju báyìí lọ. Èmi náà, n ò mọ̀la. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bẹ́ ẹ bá pè láàárọ̀ ọ̀la, màá gbé e."

Kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó ní kó fún òun láyè ronú. Oníwáyà dìde, ó kí i dáadáa, ó lọ.

Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá kàn mí kanlẹ̀ ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì ń rákò kì í tètè gba ọkùnrin gbọ́.

"Ọkùnrin tó bá ti ń sọ pé òun ò mọ̀la, ó ti mú bàtà lọ́wọ́ nìyẹn, ọmọ mi."

"Màámi, òótọ́ ló kàn sọ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ro èyí wò. Gbogbo iṣẹ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. O tún fẹ́ gbé ara rẹ fún un. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jà, tí ò gbé fóònù mọ́, ọ̀dọ̀ ta lo máa lọ gba àwòrán àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ó sùn, ó jí, ó ń gbọ́ ọ.

Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá kan wà tó ń polówó fún ilé-iṣẹ́ agbàlejò ìkànnì mìíràn, èyí tó tóbi, tí àwòrán rẹ̀ wà lára pátákó títì gbogbo. Kóòtù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bóòrùn ń ràn bí òjò ń rọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Oníkóòtù. Ó máa ń wá kí ìyá, ojú rẹ̀ á sì wà lára ọmọ. "Kẹ́ ẹ bá wa lọ, arábìnrin," ó ní. "Lọ́dọ̀ tiwa, títí láé ni." Ó ń sọ "títí láé" bí ẹlòmíràn ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀."

Ẹ jẹ́ ká má bú Ayàwòrán. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tó bá ní òun ní ilẹ̀kùn irin ló máa sá tọ̀. Ó gbà. Àwọn èèyàn Oníkóòtù kó gbogbo àwòrán lọ́dọ̀ Oníwáyà, wọ́n ní àwọn ti gbá ibẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan. Ayàwòrán kò sì lẹ́nu láti sọ fún ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ fóònù kí orí rẹ̀ tó dá a dúró.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀."

"Àwọn... àwọn àwòrán mi ńkọ́?"

Ohùn ọkùnrin náà lọlẹ̀. "Ẹ má bẹ̀rù."

Kò tíì mọ̀, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Bó ṣe di pé ó ń pè láràárọ̀ láti béèrè ohun tí ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ohùn ọkùnrin náà ni kò lè fi sílẹ̀. Bó bá ti gbé fóònù sétí, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé, òní ló máa wò ó, òní ló máa rí i pé mo ti lọ. Oníwáyà ò pè é ní Oníbàárà mi àtàtà mọ́, kò sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn àwòrán fún un mọ́. Ó kàn ń dáhùn.

Oníkóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Inú ìyá ń dùn. Ọmọ ń sọ pé ó dìgbà díẹ̀ sí i.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ṣí ìkànnì rẹ̀, ojú funfun ló bá pàdé. Ó pa á, ó tún ṣí i, funfun ni. Ó pe ilé-iṣẹ́ ńlá náà, orin ni wọ́n ń kọ fún un. Ó pe Oníkóòtù.

Oníkóòtù gbé e. "Arábìnrin, àwa òṣìṣẹ́ pàápàá, orí fóònù la ti rí i láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ibi tí wọ́n kó ẹ̀rọ lọ, a ò mọ̀."

"Ẹ ní títí láé."

"Ohun tí wọ́n ní ká máa sọ nìyẹn," Oníkóòtù wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. "Ẹ foríjì mí."

Ó sáré sídìí dúrọ́ọ̀. Ó so àpótí kékeré mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tì í bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Àpótí náà dún kà, kà, kà, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí ò rí i sọ. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Bóyá kò tilẹ̀ gba nǹkan sínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ti ṣí i wò ni, ì bá ti mọ̀.

Ó rí obìnrin ọjọ́sí lọ́kàn rẹ̀. Ó rí i tó ń ti ilẹ̀kùn wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń sọ pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ tẹ ògiri wá, ó jókòó tì í. "Èmi ni mo tì ọ́ síbẹ̀," ìyá wí, ó sì di ọwọ́ ọmọ mú.

Òwúrọ̀ yẹn ni kò pe Oníwáyà. Ẹnu wo ló fẹ́ fi pè é? Ẹni tó ti kó ẹrù jáde lóru, ṣé ó tún lè padà wá kanlẹ̀kùn?

Fóònù dún. Àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó rò. Kò fẹ́ gbé e. Ìyá ní, "Gbé e. Fóònù tí a ò gbé ló ń pààyàn." Ó pajú dé, ó gbé e sétí.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ohùn kan béèrè.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n pátápátá. "N ò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó ti pẹ́. Irọ́ ni mò ń pa fún yín láràárọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ. Ṣebí èmi ni mò ń ṣọ́lé? Ṣé àlejò á kó ẹrù tán kí n má mọ̀?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ṣì ń dá mi lóhùn?"

"Ẹ ń béèrè bóyá a wà. A sì wà. Ẹ ò pè láàárọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe yín. Ẹ dìde, ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi gan-an."

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń pariwo "ìyàwó ẹ" tẹ́lẹ̀ yà fún wọn lọ́nà. Oníwáyà ṣàlàyé fún wọn nínú yàrá tútù náà. Àwọn máa ń ṣe ẹ̀dà ìkànnì oníbàárà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Bí oníbàárà bá ti kó jáde, ẹ̀dà tó kẹ́yìn kì í ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó pa á rẹ́, òfin ilé-iṣẹ́ ni. Bí oṣù bá ti ń parí, òun máa ń lọ bá ọ̀gá, òun á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ti Ayàwòrán sílẹ̀ di oṣù mìíràn. Ọ̀gá ti fi òun ṣẹ̀sín títí ó ti sú u.

"Ó wà níbí, nígbà náà!" Ayàwòrán kígbe.

"N ò mọ̀." Ó bojú wolẹ̀. "Èmi tí mo ní kẹ́ ẹ máa ṣí ẹ̀dà wò, n ò ṣí i. Nǹkan yín ni. Ẹ ti lọ, n ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa yọjú sínú rẹ̀. Bó bá ti bàjẹ́, a óò jọ rí i báyìí."

Oníwáyà tẹ bọ́tìnnì kan. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú, ojú kọ̀ǹpútà ò yí padà. Ayàwòrán di etí tábìlì mú. Ó gbọ́ mímí ara rẹ̀, ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà ń làágùn nínú òtútù. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó máa sọ fún ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ojú ọmọ kan yọ. Ọmọ tí ò léyín, tó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú wẹ́wẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń sùn, àwọn tó ń ké, àwọn tó ń jẹ ìka.

"Ṣé wọ́n wà?" ìyá tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa béèrè. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n wà, Màámi," Ayàwòrán wí, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn tó yà láti ìgbà tó ti lọ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ obìnrin ọjọ́sí nìkan ni kò lè padà wá, kò sì gbàgbé rẹ̀ láàárín ayọ̀ náà.

Oníwáyà tẹjú mọ́ fọ́tò kan ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀: ọkùnrin kan tó fi ìbọ̀sẹ̀ pupa bọ ọwọ́, tó lanu bí ẹranko.

"Ta nìyí?"

"Fáànù ni," Ayàwòrán fèsì.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá na ọwọ́ síwájú títí ó fi kan èjìká rẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti sọ nígbà kan pé o ti mú bàtà lọ́wọ́. Mo ṣì ọ́ wí. Ẹni tó bá mú bàtà lọ́wọ́ kì í dúró ṣọ́ ilé tó ti ṣófo."

Nígbà náà ni Ayàwòrán yíjú sí i. "Oníwáyà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. N ò mọ̀ bóyá ó máa kúrò lára mi láé."

"Ó ń ba èmi náà. Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó pè, ó máa ń bà mí."

"Ohun tẹ́ ẹ bi mí lọ́jọ́sí, ṣé àyè rẹ̀ ṣì wà?"

"Ẹnì kankan ò gbé ibẹ̀."

"Mo ti ń kó ẹrù bọ̀ nìyẹn."

Wọ́n ṣègbéyàwó láìfi ariwo ṣe. Ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà kalẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì sáré wá dúró nínú fọ́tò, nítorí náà ló ṣe dà bí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú rẹ̀ títí dòní. Bí oṣù bá ti ń parí, òun àti ọkọ rẹ̀ á jókòó, wọ́n á jọ ṣí àwọn ẹ̀dà gbogbo wò, wọ́n á sì di ọwọ́ ara wọn mú títí ojú àkọ́kọ́ á fi yọ.

Àwọn òwúrọ̀ kan ṣì wà tí á jí, tí á nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ọwọ́ rẹ̀ á bá aṣọ títẹ́ nìkan. Àyà rẹ̀ á já. Ìyá rẹ̀ náà jí bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" á ké láti yàrá.

"Mo wà níbẹ̀ o," ohùn kan á dáhùn lábẹ́ àga. "Ìbọ̀sẹ̀ mi kan ni mò ń wá."